Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Ń Tọ́jú Dè Mí

Ọjọ́rú, Òkìtìpupa

Mo lọ kí màmá mi ní Àyèká lónìí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí mo ṣì ń fúnra mi túmọ̀ ìwé ìlera sí Yorùbá, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í pè wọ́n. Bí mo bá wá ọ̀rọ̀ kan tì, àwọn ni mo ń bi. Ní báyìí, ẹ̀rọ AI ló ń túmọ̀, èmi kàn ń tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe. Mi ò tiẹ̀ fura pé mi ò pè wọ́n mọ́.

Bí mo ṣe jókòó ni wọ́n ní, "Mo ti rántí orúkọ ibà tó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, èyí tó o bi mí. Mo ń retí ìpè ẹ."

Mo ní ẹ̀rọ ti parí ìwé yẹn.

"Bí òun ò bá mọ ọ̀rọ̀ kan ńkọ́, ta ló ń bi?"

"Kì í bi ẹnikẹ́ni, Màmá. Á kàn kọ nǹkan síbẹ̀ ni."

Wọ́n wò mí lójú. "Èmi rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni."

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń gun ọ̀kadà, wọ́n tún bi mí bóyá lóòótọ́ ni inú ò bí mi.