Àṣìṣe tí mo rí nínú iṣẹ́ Uncle Múfú

Tuesday, 10 November 1992

Ní kíláàsì kọ̀ǹpútà ní Woolwich nírọ̀lẹ́ yìí, tíṣà ní ká máa fi semicolon, àmì kékeré yẹn (;), parí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú program, àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Uncle Múfú tí wọ́n jókòó tì mí gbàgbé ti ìlà kejì. Mo rí i. Ṣùgbọ́n àgbà tó ju bàbá mi lọ, ṣé èmi ni màá tọ́ wọn sọ́nà lójú èèyàn?

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, error ṣáá ni kọ̀ǹpútà ń kọ jáde. Tíṣà, ọmọdé lásán, wá fi ìka kan tún un ṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o ti rí i tẹ́lẹ̀?"

"Mo rí i, sà."

"O wá ń wò mí?"

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní stop tó ṣáájú tiwọn, wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù nínú òjò.