Gíláàsì Nìkan Ni Atẹ́gùn Ọkọ̀ Mi Ń Fẹ́ Sí

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé á mọ̀ mí.

Ọkọ̀ mi ni mo fi ń gbé màmá mi lọ sílé ìwòsàn. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ yarí. Ibi yòówù kí n yí i sí, gíláàsì iwájú nìkan ló ń fẹ́ sí, bíi pé gíláàsì ló ń ṣàìsàn. Màmá ń làágùn. Rewáyà àdúgbò wa, ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, ló tún iná ọkọ̀ náà ṣe gbẹ̀yìn. Mo já wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, mo pè wọ́n ní bàsèjẹ́ lójú àwọn oníbàárà.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, rọ́bà tín-ín-rín kan wá láti ara ẹ́ńjìnnì, òun ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn yí síbi tá a bá fẹ́. Bó bá já, gíláàsì ni gbogbo atẹ́gùn máa gbà lọ. Lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo ní, "Ẹ lọ pa irọ́ yẹn fún ará ìlú. Ọmọ oko ni mí lóòótọ́, àmọ́ mi ò gọ̀."

Lánàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Rọ́bà ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, níbi tí èmi fúnra mi ti fipá ki bátìrì tuntun bọ̀. Mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, atẹ́gùn sì fẹ́ sí wa lójú. Màmá ní, "Gbangba lo ti bú u. Gbangba náà ni kó o ti bẹ̀ ẹ́."

Rédíò kì í sinmi ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n, ètò yín yìí ni wọ́n sì ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, èmi ni o. Èmi ni mo já rọ́bà. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, àbí ó ku nǹkan kan tí mo gbọ́dọ̀ ṣe?

Títí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí, gbogbo ìgbà tí ètò yín bá ti bẹ̀rẹ̀ ni màá máa dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọjú síta.