Ohun Tí Mo Dà Sínú Ike Onígbàjámọ̀

                                        Yàrá Kọkànlélógún,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìjókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń yọ eyín? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú pé n kò gbé ìpè yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rí gbogbo ìpè náà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu báyìí lẹ máa mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Ara mi le o. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Mo ti sọ fún yín pé gbogbo Ọjọ́rú ni àwa ọmọ ọdún kìíní máa ń lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí a lè wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Wíwò nìkan ni o. Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ là ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ, nítorí òun nìkan ni ẹ̀rọ kan báyìí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ̀rọ yìí ló ń jẹ́ kí a mọ irú jẹjẹrẹ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú kókó ọrùn èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yín ṣàlàyé. Ẹ mọ àmì kékeré tí ẹ máa ń rán sí ọrùn aṣọ, tí èèyàn fi ń mọ ilé ìránṣọ tó ti wá. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn hóró tín-tìn-tín tó kóra jọ di ara wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára. Wọ́n á da aró tó ń lẹ̀ mọ́ àmì kan pàtó sí wọn, ẹ̀rọ á sì máa mú wọn kọjá níwájú iná lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa ka àwọ̀ wọn. Bí kókó bá kàn wú lásán, oríṣiríṣi àmì ló máa wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, á dà bí ẹni pé ilé ìránṣọ kan ṣoṣo ló rán gbogbo aṣọ tó wà lọ́jà. Àmì yẹn ni dókítà fi ń mọ oògùn tó yẹ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ láàyè.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni n kò mọ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó kan lọ́rùn bàbá onígbàjámọ̀ kan. Nọ́ọ̀sì gbé ike rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e fún Ìyá Ẹ̀rọ. Mo wo inú rẹ̀, omi iyọ̀ lásán ni wọ́n fi ẹran náà sí, kò sì tóbi ju hóró ẹ̀wà méjì lọ. Ẹ̀rù bà mí. Láti ìgbà tí a ti wọlé ni olùkọ́ wa ti ń kọ ọ́ sí wa létí bí orin pé ohun tí a bá gé lára èèyàn, inú fọ́málìn ni ká fi sí, kó má bàa jẹrà. Mo rò pé nọ́ọ̀sì gbàgbé ni. Ìgò fọ́málìn sì wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Mo da omi iyọ̀ nù, mo da fọ́málìn sí i, mo dé e dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn. Mo tiẹ̀ rò pé wọ́n máa yìn mí.

Ìyá Ẹ̀rọ ṣí ike, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dé e padà. Kò wò mí. Ó gbé fóònù, ó pe nọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, pé pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ṣé kò tíì mọ̀ pé òkú sẹ́ẹ̀lì kì í sọ̀rọ̀ ni. Mò ń gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń búra pé omi iyọ̀ lòun fi sí. Mo fẹ́ dákẹ́. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, mo fẹ́ dákẹ́. Àfi bí mo ṣe na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì.

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo da fọ́málìn sí i. Mo rò pé ó máa jẹrà ni."

Ó rọra gbé fóònù kalẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ ọdún kìíní, ẹ ti há gbogbo ìwé sórí tán. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìwọ ò tiẹ̀ bèèrè." Kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní ẹran náà ṣì máa wúlò fún àwọn tó ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, ṣùgbọ́n fọ́málìn ti pa sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ẹ̀rọ tiwa ò lè rí àmì tó ṣeé gbọ́kàn lé lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n á tún gé lára kókó bàbá náà. Ó ní a jọ ń lọ sọ fún un ni.

Orí bẹ́ẹ̀dì la bá a, báńdéèjì lọ́rùn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá ba irun oníbàárà jẹ́, màá ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á ti hù. Ṣé ọrùn náà ń hù ni?" Mo ní rárá, sà. Ìyàwó rẹ̀ bi wá pé ṣé ọrùn ọkọ òun ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọdé níṣẹ́. Bàbá náà ló ní kó fi mí sílẹ̀, pé orí àbúrò òun lòun náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fárí, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àná ni wọ́n tún gé òmíràn lára rẹ̀, èmi náà ni Ìyá Ẹ̀rọ sì ní kí n lọ gbé e wá. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e, n kò kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ó jẹ́ kí n dúró ti òun níwájú kọ̀ǹpútà. Àwọn àmì tín-tìn-tín, ọ̀kan fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí eruku. Mò ń retí kí wọ́n fọ́n ká. Wọn kò fọ́n ká. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn kó jọ sí, bí aṣọ ilé ìránṣọ kan ṣoṣo. Ìyá Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀. Ó ní ó kúkú hàn kedere, dókítà á mọ ibi tó máa gbà tọ́jú rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún mi pé dókítà nìkan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi dá ìtọ́jú yẹn dúró.

Kí n tó gbàgbé, ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ẹ má sọ fún màmá o, wọ́n á ní kí n máa bọ̀ nílé. Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé gan-an rèé.

Bí mo ṣe ń jáde lọ́sàn-án àná, bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú wọ́ọ̀dù. Ó pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé ó dé láàyè lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ó dé láàyè, sà."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Mo sọ fún ẹ pé á dáa." Obìnrin náà dìde, ó dì mọ́ mi, ó ní kí n má bínú sí ọ̀rọ̀ tóun sọ lọ́jọ́sí. Mo rántí ìkìlọ̀ Ìyá Ẹ̀rọ, mo dágbére fún wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá, ni dókítà máa rí wọn. Mo fẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá jáde. N kò mọ̀ bóyá àwọn ni mo fẹ́ tù nínú tàbí ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n lọ?

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí èsì,
Kékeré.