A Kì Í Jẹ́ Ìpè Nínú Igbó

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú oko, ẹ sì kú àìrí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi láti òkè òkun níbí, kí wọ́n má sọ pé lẹ́tà ni mo fi kí àwọn, n kò fi ara kan ilẹ̀. Mo kí Dáyọ̀ àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé òun ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí, nítorí náà kí ó má fo ìlà kankan, kó má sì fi tirẹ̀ kún un. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo ẹni tó lọ́mọ lẹ́yìn odi lè rí i kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ̀kọ́ tí ẹ fi kọ́ mi ló fà á, n kò sì tíì mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni tàbí kí n bá yín jà.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Scotland tí mo sọ fún yín náà ni mo ṣì wà. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń gbọ́ ìtàn kan náà ní àgbọ́túngbọ́. Òtútù ibí kì í ṣe òtútù ọyẹ́ tí ẹ mọ̀. Tibí a máa wọ inú egungun lọ, a sì jókòó síbẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé n kò rí ẹni bá sọ ọ̀rọ̀ wa. Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó pe ilé ní “ulé” létí mi, àfi bí mo bá dá a sọ fún ara mi nínú balùwẹ̀. Ẹni tó bá dá wà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí i, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀rín yẹn lọ́wọ́ nínú.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí Fiona fi pè mí. Ọmọbìnrin náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá, òun ló ń pín iṣẹ́ fún wa. Ó ní ìdíje kan ń bọ̀ lórí òkè. Àwọn ènìyàn á kó ara wọn jọ ní mẹ́ta mẹ́ta, wọn á gba máàpù àti kọ́mpáàsì, wọn á wọ aginjù lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn á máa wá àwọn àsíá kéékèèké tí wọ́n fi pamọ́ káàkiri orí òkè. Kò sí ọ̀nà, kò sí atọ́nà. Àwọn tó bá sì jọ lọ gbọdọ̀ jọ dé. Bí ẹnì kan bá já sẹ́yìn, asán ni gbogbo ìrìn àwọn yòókù. Ó ní òun àti bàbá òun fẹ́ lọ, ó ku ẹnì kan. Mo bi í pé èló ni wọ́n máa fún wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwa gan-an la máa sanwó.

Màámi, ibẹ̀ ni mo ti fura. Ta ló ń sanwó kí ó lè sọnù sínú igbó? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó wà nínú igbó tí a fẹ́ kó jáde la ń sanwó lé lórí. Nígbà tí mo sọ fún yín lórí fóònù, ẹ bi mí pé ṣé mo mọ ilé bàbá ọmọ náà. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí n má lọ, pé páńsá ò fura, páńsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Bàámi gba fóònù lọ́wọ́ yín, wọ́n ní ẹni tó ń pín iṣẹ́ fúnni kì í ṣe ẹni tí à ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ràn ti Bàámi ni mo tẹ̀ lé. Ẹ má bínú.

Nígbà tí a débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó ṣètò ìdíje náà ṣe ni pé wọ́n gba fóònù wa, wọ́n dì í sínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n wá dá a padà fún wa. Wọ́n ní ẹni tó bá tú u ti jáde nínú ìdíje. Wọ́n tún so nǹkan kan mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ tí n kò lè dá tú, wọ́n ní yóò máa ka àsíá tí a bá rí, bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà. Bàbá Fiona wá ní kí n máa rìn láàárín, pé Fiona á ṣáájú, àwọn fúnra wọn á wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n ń mú rìn láàárín nínú igbó?

Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà. Wọ́n ga, orúnkún kan ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní Duncan ni kí n máa pe àwọn. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la orúkọ mọ́ ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ Bàámi lórí? “Bàbá Fiona” ni mo ń pè wọ́n, Fiona sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. A rí àsíá kan, a rí òmíràn. Ọkàn mi kò balẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ láàárín ara wọn, èmi á na etí. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Lọ́sàn-án, mo ní kí wọ́n máa lọ díẹ̀díẹ̀, pé mo fẹ́ tọ̀. Kí n tó fa sòkòtò sókè, kùrukùru ti bo gbogbo òkè, n kò rí ju ẹsẹ̀ ara mi lọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí: “Kọ́lá! Kọ́lá!” Màámi, mo gbọ́ ọ kedere. N kò dáhùn.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ lé yín lọ sí oko kòkó wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, pé a kì í jẹ́ ìpè nínú igbó. Ẹni tiwa kì í pe orúkọ. Á ké “hùúù”, àwa náà á ké e padà. Nígbà náà, iwin lẹ fi ń dẹ́rù bà mí. Láyé ìsinsìnyí tí àwọn ajínigbé ti gba igbó, tí ọlọ́kadà yín ń dúró dè yín létí oko láìpa ọ̀kadà rẹ̀ kí ẹ lè tètè sá, ènìyàn lẹ̀rù ń bà wá. Mo bá sá sẹ́yìn òkúta kan, mo mú igi kan lọ́wọ́, mo ké “hùúù”. Kò sí ẹni tó ké e padà. Mo ní ó tán, wọn kì í ṣe ẹni tiwa.

Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn pínyà, ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan lọ sísàlẹ̀. Mo ní wọ́n fẹ́ ká mi mọ́ ni. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ fèrè nísàlẹ̀. Ẹ rántí ohun tí àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé sọ nílé wa, pé fèrè ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo sá fún fèrè náà. Mo ń sá, ó ń dún, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún, ojú kan náà ló sì ti ń dún, ó wá ń rẹlẹ̀ sí i. Ìyẹn ló dá mi dúró. Ẹni tó ń dọdẹ ènìyàn kì í dúró sójú kan fọn fèrè títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo yí padà, mo tẹ̀ lé ohùn náà pẹ̀lú igi lọ́wọ́.

Bàbá Fiona ni. Wọ́n ti rì sínú irà dé ìbàdí níbi tí wọ́n ti ń wá mi. Ètè wọn ti dúdú, ọwọ́ wọn kò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Mo dojú bolẹ̀, mo na igi sí wọn, kò tó. Mo tú okùn báàgì mi, mo ní kí wọ́n kọ́ ọ sábíyá, mo sì ń fà. Mo ń fà, mo ń sunkún, mo ń ké “Bàbá Fiona, ẹ má sùn o!” bí ẹni pé wọ́n gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n jáde, mo bọ́ kóòtù mi wọ̀ wọ́n, mo sì gba fèrè náà, èmi náà ń fọn ọ́n.

Fiona ló jáde látinú kùrukùru. Ohun tó rí ni bàbá rẹ̀ nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àti èmi lókè orí wọn pẹ̀lú igi. Màámi, mo rí ojú rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn, ojú tí mo ti fi ń wò wọ́n láti àárọ̀ ni. Ó bi mí níbo ni mo wà nígbà tí wọ́n ń pè mí. Mo lè purọ́ pé afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bó ṣe rí, pé mo gbọ́, pé ìyá mi ní kí n má dáhùn, mo sì sọ ìdí rẹ̀ àti igbe “hùúù” tí mo ń retí. Bàbá rẹ̀ ló ní báwo ni igbe yẹn ṣe ń lọ. Mo ké e. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó ń gbọ̀n, ó jáde bí ohùn adìyẹ tó ń ṣàìsàn, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Wọ́n ní fèrè yẹn, ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ ló ń fọn ọ́n. A gbé ọwọ́ wọn lé èjìká, a sọ̀ kalẹ̀. A kò gba nǹkan kan nínú ìdíje.

Ara wọn ti yá. Fiona ti fi mí sí iṣẹ́ àárọ̀ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún tipẹ́. Èyí náà, mò ń wò ó. Bóyá ọpẹ́ ni, bóyá ó kàn fẹ́ kí n máa wà níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí nísinsìnyí, mo ń dáhùn nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin, ẹ má dáhùn o. Mo bẹ̀ yín. Igbó tibí kọ́ ni igbó wa. Kí Olúwa máa mú yín lọ oko, kó máa mú yín bọ̀, kí ìpè tí kì í ṣe ti rere má bá yín nílé. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi kí ọlọ́kadà yín pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màámi, ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé bó bá jẹ́ èmi gan-an ló dé lójijì, tí mo dúró létí oko kòkó tí ayọ̀ gbé mi tí mo pè yín, ẹ̀yin á kọ́kọ́ lúgọ fún mi ni. Mo mọ̀ pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run jẹ́ kí n dé lọ́jọ́ tí ilẹ̀ wa bá ti rọ̀, kí n pè yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Kọ́lá