Ọ̀já Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi Sìkírátù kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Ìlú Ọba yìí tutù débi pé orúnkún ń ta mí. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ajáńgbádì, mo kí ìyá Sùlé tí a jọ ń fa omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà nínú ọgbà wa ní Ìbà. Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí òun gan-an ni mo ṣe kọ̀wé.

Ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún mi kí n kàn dúró. Òótọ́ ni jàre. Mùsíọ̀mù ni ibi iṣẹ́ mi, ilé ńlá tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà àti ohun àtijọ́ sí kí èèyàn wá wò ó. Láti àárọ̀ ni mo máa ń wà lórí ìdúró, tí màá máa bẹ àgbàlagbà pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan. Ẹsẹ̀ mi ń ro mí bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìbà dé Okókómáíkò. Tó bá di ọ̀sán, mo máa ń gbé oúnjẹ lọ sínú ọgbà òdòdó tó wà lẹ́yìn ilé náà. Igi kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń pọ́n kó tó já, bíi ti igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé wa, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí obìnrin kan wá bá mi jẹun. Kàkà kó ní kó gba ibi ire, ńṣe ló dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn! Látìgbà náà ni mo ti ń dá oúnjẹ mi jẹ.

Wọ́n máa ń ṣe ìpàtẹ tó ń lo oṣù díẹ̀ níbí. Tó bá tó àsìkò, wọ́n á kó o sínú àpótí, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Tọ̀tẹ̀ yìí, aṣọ àwọn obìnrin káàkiri ayé ni wọ́n pàtẹ. Ọjọ́ kìíní tí mo wọlé, kí ni mo rí lára ògiri? Ọ̀já! Ọ̀já aláró bíi èyí tí a fi pọn Àmọ̀kẹ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìgbànú tí obìnrin ń dì ròde ni. Ìgbànú kẹ̀! Mo pa á mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì mọ ẹnu mi, kò lè dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ bá ọ̀gá wa obìnrin, mo ní ohun tí ìyá mi fi gbé mi dàgbà kì í ṣe ìgbànú. Ó ní kí n fi han òun. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọmọlángidi kan sẹ́yìn, mo fi aṣọ bò ó, mo fi gèlè mi gbà á lọ́já. Kí n tó mọ̀, ara mi ti ń jó, ọwọ́ mi ti ń gbá a nídìí pẹ́pẹ́. Wọ́n tún ohun tí wọ́n kọ kọ, wọ́n sì ní kí n máa fi han àlejò ní gbogbo Sátidé.

Sátidé kan, ọmọge kan nínú àwọn àlejò so tirẹ̀ dẹngbẹrẹ, ni ọmọlángidi bá yọ̀, ó balẹ̀ gbì. Mo figbe ta, mo ní yéè, ọmọ ti jábọ́! Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré wọlé. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. Ike ni o, Màámi. Ike lásán.

Ẹ kúkú mọ ìdí tí mo fi ń sunkún. Lówùúrọ̀ tí mo ń lọ, ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni Àmọ̀kẹ́. Èmi ni mo ní kí ẹ pọ̀n ọ́n lọ sábẹ́ igi fúrúùtù kó má bàa rí mi kó máa ké. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn. Mi ò dágbére fún un. Wọ́n ní ẹni a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Èmi tí mo sọ ọmọ kalẹ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún márùn-ún báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ó bi yín pé kí ni ọ̀já tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wà fún. Ẹ ní òun ni ìyá rẹ̀ fi ń pọ̀n ọ́n. Ó ní irọ́ ni, pé Mọ́mì inú fóònù ò ní ẹ̀yìn. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a pa fóònù, mo da oúnjẹ mi padà sínú ìkòkò.

Ìpàtẹ yìí ti ń parí lọ. Ọ̀gá ní kí n tẹ̀ lé ìpàtẹ náà lọ sí ìlú mìíràn, kí n máa fi ọ̀já han èèyàn níbẹ̀, owó rẹ̀ á sì ju tibí lọ. Mo ro ti owó ilé-ìwé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo wá bi ara mi pé ta ni mò ń fi ẹ̀yìn mi hàn kiri? Mo ní rárá, mo gba ìsinmi láti wá sílé. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn nítorí àwọn ìyá bíi tèmi, tí ọmọ wọn wà lẹ́yìn ẹlòmíràn.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká ọ̀já yẹn kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí Àmọ̀kẹ́ bá ní òun ti dàgbà jù fún pípọ̀n, ẹ má fipá mú un. Màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá dúró dè é.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ̀yìn tó gbé èmi pọ̀n, tó tún gbé ọmọ mi, kò ní mọ ìrora. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Kí ẹ sì sọ fún Àmọ̀kẹ́ pé mò ń gbé ẹ̀yìn mi bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù