Erùpẹ̀ Ìdí Àgbàdo Bàbá

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àbójútó oko. Mo kí Bọ̀ọ̀dá mi àti ìyàwó wọn. Mo kí Ìyá Àgbà. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa l'Ábújá níbí, torí èmi nìkan kọ́ ni ọmọ tó kàwé tán tó lọ pàṣẹ fún bàbá rẹ̀ lóko.

Iṣẹ́ ń lọ. Láàárọ̀ màá wọkọ̀ ní Jikwoyi, màá ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí irúgbìn wa, màá padà. Òjò kò tíì rọ̀ níbí. Eruku bo fèrèsé mi, n kì í nù ún. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mò ń sọ Yorùbá. Láàárín ọ̀sẹ̀, aládùúgbò mi á fi Haúsá kí mi ní sànnu, màá dáhùn yauwa, ó parí. Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, omi kò bọ́ lójú mi. Ọkàn mi dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé: ó wà níbẹ̀, n kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni.

Irúgbìn àgbàdo tí ẹ fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Ẹ ní òun ni ìkẹyìn èyí tí Bàbá fọwọ́ ara wọn ṣà, pé ṣe ló ń jẹrà nínú ilẹ̀, kí n wá nǹkan ṣe sí i kó má baà run. Ó ti bu lóòótọ́, funfun bí òwú.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń ṣoore. Bí a bá fi wọ́n pa hóró lára, wọn á gba ìdí gbòǹgbò, àyè ò ní sí fún àrùn tó ń mú un jẹrà. Mo fi pa púpọ̀ nínú rẹ̀, mo fi díẹ̀ sílẹ̀ láti fi wéra. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ jẹrà. Díẹ̀ tí mo gbìn lára àwọn yòókù hù. Inú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dùn. Èmi lọ fọ abọ́. Ìgbà tí mo ń kọ ibi tí a ti rí kòkòrò náà sílẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró. Erùpẹ̀ ni. Erùpẹ̀ ìdí àgbàdo tó yè nínú oko kan tí àrùn ti pa ìyókù.

Màámi, ẹ rántí pé Bàbá máa ń bu erùpẹ̀ ìdí àgbàdo tó dára jù, wọ́n á fi po irúgbìn kí wọ́n tó gbìn ín. Ọdún tí mo gboyè dé, mo ní ìdọ̀tí ni, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Wọ́n sá a sórí ẹní, wọ́n ní kí n wá wo bó ṣe ń dán. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Títí wọ́n fi lọ, wọ́n ń fọ̀ ọ́.

Ọ̀gá mi ní a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fífọ̀ náà ló fà á. Mo gbọ́. Kò tù mí lára, kò sì dùn mí.

Mo ti fi ìyókù ránṣẹ́. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e kọ́ òkè ààrò bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ooru á pa ohun tó wà lára rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti rin, ẹ gbìn ín. Bó bá hù, ẹ bu erùpẹ̀ ìdí èyí tó ga jù lọ sí ojú oórì Bàbá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́ mọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí láti jẹ ẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́