Tíì Tí Mo Sè fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Ilé ìdáná ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá tó jẹ́ olórí wa ló mú mi wọ ibẹ̀ nígbà tí mo ń pọn ọmọ kiri tí ẹnikẹ́ni ò gbà mí. Màmá ló ń sá koríko ọba, tó ń dì í sínú àpò pẹlẹbẹ, kí àwọn ọmọ lè rí tíì tí kì í lé oorun mu. Inú irú àpò bẹ́ẹ̀ náà ni tíì dúdú àwọn tíṣà wà. Òórùn la fi ń dá wọn mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀fìnkìn dí mi nímú, mo sì ṣèèṣì se tíì dúdú fáwọn ọmọ. Mo rí i pé ó pọ́n, mo ní bóyá ó pẹ́ lórí iná ni. Ọmọbìnrin kan tí dókítà ti ka tíì dúdú léèwọ̀ fún nítorí ọkàn rẹ̀ mu ún. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì títí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, Ọlọ́run ṣeun.

Ọ̀gá ilé ìwé wa bi Màmá pé, “Ewé wo lẹ já fọ́mọ ọlọ́mọ?”

Màmá ní, “Bóyá ojú àgbà ló tàn mí, ọ̀gá.”

Mò ń fọ kọ́ọ̀pù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, Màmá á dúró níwájú àwọn òbí láti wí tẹnu rẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, á ní kí n pa ẹnu mọ́ nítorí ọmọ tí mo ń pọ̀n. Nítorí náà, èmi ni màá lọ dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni, kí lẹ máa fẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ?